Lẹ́tà Tí Wọ́n Pè Lẹ́jọ́: Ìrìn Àjò Ìwé Hamilton Kúrò ní Boston àti Bó Ṣe Padà Wálé

Ẹjọ́ kan wáyé ní kóòtù ìjọba àpapọ̀ ní Boston, ní Amẹ́ríkà, tó jẹ́ pé ìwé ni olùjẹ́jọ́. Ẹni tó kọ ìwé náà, ọ̀kan nínú àwọn olùdásílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti kú láti ọdún 1804. Ẹni tó kọ ọ́ sí, ọ̀gágun ọmọ Faransé kan tó jà fún Amẹ́ríkà, ti kú láti ọdún 1834. Ìwé gan-an ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Bó ṣe wà lára fáìlì nìyí: orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ni olùpẹ̀jọ́, lẹ́tà tí Alexander Hamilton kọ sí Marquis de Lafayette ní ọjọ́ 21, oṣù Keje, ọdún 1780 ni olùjẹ́jọ́. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rín pa mí. Mo ń rò ó bí akọ̀wé kóòtù yóò ṣe pe orúkọ lẹ́tà, tí lẹ́tà yóò sì dìde dúró. Ṣùgbọ́n bí òfin wọn ṣe rí nìyẹn. Tí ìjọba bá ní ẹ̀rí pé ohun kan jẹ́ ẹrù olè, ó lè pe ẹrù náà fúnra rẹ̀ lẹ́jọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá gbà pé òun ló ni ín wá fara hàn, kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

Ìdí ẹjọ́ náà kò lọ́jú pọ̀. Ìwé ìjọba ìpínlẹ̀ Massachusetts ni. Òṣìṣẹ́ ilé ìkówèépamọ́ wọn ló jí i. Ẹlòmíì rà á, ẹni yẹn kò sì mọ̀ pé ẹrù olè ni. Ó di ogún nínú ìdílé. Ìdílé gbé e lọ sí gbàǹjo, àṣírí sì tú. Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wọ̀ mí lára, èmi tó jẹ́ pé fáìlì àti rẹ́jísítà ni mo fi ń jẹun, ni bí àṣírí yẹn ṣe tú. Gbogbo ayé ń pariwo Hamilton. Èmi ń wo akọ̀wé kan tó jókòó sídìí tábìlì, tó kọ ìlà kan sílẹ̀ nípa ibi tí ìwé yẹn wà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ní Preakness

Ogun Amẹ́ríkà pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ti wọ ọdún kẹfà nígbà náà. Ilẹ̀ Faransé ti bá àwọn ará Amẹ́ríkà dọ́wọ̀ọ́, nínú oṣù Keje ọdún 1780 yìí kan náà sì ni ọ̀gágun Faransé, Rochambeau, gúnlẹ̀ sí Newport ní Rhode Island pẹ̀lú ọmọ ogun tó lé ní 5,000. Òkun ti lu wọ́n bolẹ̀; ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àìsàn ti dá dùbúlẹ̀. New York wà lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Henry Clinton, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, rò ó pé tí òun bá lè kó sójú omi kíákíá, òun á bá àwọn Faransé yìí níbi tí wọn kò tíì ti gbéra sọ.

George Washington, olórí ogun Amẹ́ríkà, ní àwọn amí nínú New York, ẹgbẹ́ tí ìtàn mọ̀ sí Culper. Wọ́n gbọ́. Wọ́n fi yíǹkì tí ojú kò rí kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé, Austin Roe sì fi ẹṣin gbé e láti ìgboro lọ sí Setauket ní Long Island. Láti ibẹ̀ ni Caleb Brewster ti fi ọkọ̀ wà á sódì kejì omi. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 21, ọ̀rọ̀ náà ti dé àgọ́ Washington ní Preakness, New Jersey.

Washington kò sí nílé.

Ẹni tó wà nílé ni Hamilton, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa bá ọ̀gá kọ lẹ́tà. Ó mú kálámù. Ó kí Lafayette ní “Marquis mi ọ̀wọ́n,” ó sì sọ fún un pé ìròyìn ti ń wọlé láti oríṣiríṣi ọ̀nà pé àwọn ọ̀tá ń kó ọmọ ogun sínú ọkọ̀, àwọn Faransé ni wọ́n sì dojú kọ. Pé wọ́n ní 50 ọkọ̀ akẹ́rù ti gba ojú omi Sound lọ láti kó ọmọ ogun, pé Rhode Island tààrà ni wọ́n ń lọ. Ibi tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù nínú ìwé náà. Ó ní Ọ̀gágun kò sí nílé, ó sì lè má dé kó tó di ìrọ̀lẹ́. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀tàn lásán ni àwọn ọ̀tá ń ṣe, ṣùgbọ́n nítorí pé ó tún lè jẹ́ òótọ́, òun rò pé ó sàn kí òun fi ránṣẹ́ láì dúró de Ọ̀gágun. Ó buwọ́ lù ú, ó fi oyè rẹ̀ sí i lábẹ́: Aide de Camp, igbákejì tí ń jẹ́ iṣẹ́ ọ̀gágun.

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá rí mọ ohun tí ìlà méjèèjì yẹn gbà lọ́wọ́ ọmọkùnrin náà. Tó bá já sí ẹ̀tàn, òun ni yóò gbọ́ èébú. Tó bá sì dúró, tí ó wá jẹ́ òótọ́, ọkọ̀ Faransé lè jóná ní èbúté. Ó fi ránṣẹ́.

Lafayette, tí òun náà jẹ́ ọmọ ọdún 22 péré, ti wà lójú ọ̀nà Rhode Island nígbà náà, ó ń lọ pàdé Rochambeau. Ìwé náà tọwọ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ William Heath, ọmọ Massachusetts, ọ̀gágun tí Washington fi síbẹ̀ láti gba àwọn Faransé lálejò. Heath wá ṣe ohun tó di ìdí ẹjọ́ ní ọdún 239 lẹ́yìn náà: ó fi lẹ́tà Hamilton ránṣẹ́ sí àwọn aláṣẹ Massachusetts, ó sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi ọmọ ogun ran àwọn Faransé lọ́wọ́.

Ẹ fi ọkàn sí ibí yìí. Nígbà tó wà lọ́wọ́ Lafayette, lẹ́tà ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ ni a lè pè é. Nígbà tí Heath fi í gbe ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀, tí ìjọba gbà á wọlé, tí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ mọ́ ìwé wọn, ó di ìwé ìlú. Àwọn tó ń kó ìwé jọ sábà máa ń béèrè ta ló kọ ìwé. Nínú iṣẹ́ tiwa, ìbéèrè tó le jù ni ta ló gbà á, kí ni ó sì gbà á fún.

(Ní ti Clinton, ó kó ọmọ ogun rẹ̀ sínú ọkọ̀ lóòótọ́. Washington náà sún ogun tirẹ̀ mọ́ New York, Clinton sì yí padà kó tó dé ibi tó ń lọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni àwọn Faransé Newport wọ̀nyẹn bá Washington rìn lọ sí Yorktown, níbi tí Gẹ̀ẹ́sì ti túúbá.)

Inú ilé ìwé

Ẹ má fojú inú wo àpòòwé. Àwọn ará ìgbà náà kì í lo àpòòwé. Ìwé gan-an ni wọ́n ń ká, tí wọ́n ń fi ìda dì, tí wọ́n sì ń kọ orúkọ ẹni tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí sí ẹ̀yìn rẹ̀. Àkísà aṣọ ni wọ́n fi ń ṣe pépà nígbà náà, ìyẹn ló fi lágbára ju pépà tòní lọ. Yíǹkì wọn, tí wọ́n fi irin àti èso ara igi óákù pò, dúdú nígbà tí wọ́n fi kọ ọ́, ó wá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ bí ọdún ṣe ń gorí ọdún. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wà nínú òkùnkùn fún 200 ọdún kó má ṣe é ní nǹkankan. Ọwọ́ èèyàn ni òfò rẹ̀.

Láàárín ọdún 1836 sí 1846, pásítọ̀ kan tó ń jẹ́ Joseph Felt to àwọn ìwé àtijọ́ Massachusetts, ó pín wọn sí orí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì di wọ́n pọ̀ bí ìwé ńlá. Àkójọ yẹn di apá 328. Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí lóde òní ṣì ń ráhùn sí Felt, nítorí pé ó tú ìwé ká kúrò níbi tí àwọn tó kọ́kọ́ lò wọ́n tò wọ́n sí. Ẹ̀bẹ̀ àti èsì rẹ̀ lè wà nínú apá méjì tó jìnnà síra. Mo mọ irú ìráhùn yẹn dáadáa. Síbẹ̀, ìwé tí wọ́n dì mọ́ ọgọ́rùn-ún mìíràn tí wọ́n sì fún ní nọ́ńbà ṣòro fún ará ìta láti fà yọ láìfi ojú ọgbẹ́ sílẹ̀.

Ará inú ilé ni ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ sí.

Láàárín ọdún 1937 sí 1945, ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n gbà síṣẹ́ láti to ìwé kí ó sì kọ wọ́n sínú ìwé atọ́ka bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lọ sílé. Lẹ́tà Hamilton yìí nìkan kọ́: ìwé Washington wà níbẹ̀, ti Benjamin Franklin, ti Paul Revere, títí kan ti Benedict Arnold, ọ̀gágun tó da Amẹ́ríkà fún Gẹ̀ẹ́sì. Ọwọ́ àwọn oníṣòwò ìwé àtijọ́ ni àwọn ẹrù náà ń bọ́ sí. Ẹ wo ohun tó mú kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ rọrùn. Ẹni tó ń to ìwé ni ó kọ́kọ́ ń mọ èyí tó níye lórí. Kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè ìdí tó fi gbé fáìlì, nítorí pé fáìlì ni iṣẹ́ rẹ̀. Tí ìwé bá sì sọnù, òun gan-an ni wọ́n á rán pé kó lọ wá a.

Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani. Gbogbo ilé ìwé ló ń ṣọ́ àlejò. Wọ́n á gba báàgì lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á ní kí o fi bírò sílẹ̀ kí o lo pẹ́ńsù. Òótọ́ ni pé àlejò náà ń jí. Ní ọdún 2011, ní Baltimore, wọ́n mú ọkùnrin kan tó ń pe ara rẹ̀ ní onímọ̀ ìtàn àwọn ààrẹ Amẹ́ríkà. Kéèkì kéékèèké ló máa ń gbé wá fún àwọn òṣìṣẹ́ kí wọ́n lè fẹ́ràn rẹ̀, tí àpò jíjìn tí wọ́n rán mọ́ inú kóòtù rẹ̀ sì ń dúró de lẹ́tà. Ọdún 7 ni adájọ́ fún un lẹ́wọ̀n. Ìtàn yẹn dùn-ún sọ, gbogbo èèyàn sì ń sọ ọ́. Akọ̀wé tí ń wọlé láago mẹ́jọ tó ń jáde láago márùn-ún kò ní kéèkì tí yóò pín.

Ìlà kan nínú àkọsílẹ̀

Ní nǹkan bí ọdún 1945, ọkùnrin kan tó fẹ́ràn ìwé àtijọ́ ra lẹ́tà náà lọ́wọ́ oníṣòwò kan ní Syracuse, New York. Ó san owó, ó gbé e lọ sílé. Ó kú, ó fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọ-ọmọ. Ó lé ní 70 ọdún tó fi wà nínú ìdílé yẹn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018, àwọn ẹbí gbé e lọ bá ilé iṣẹ́ alágbàǹjo kan ní Alexandria, Virginia. Àwọn yẹn wò ó, wọ́n ní yóò tó $25,000 sí $35,000. Orúkọ Hamilton ti gbówó lórí gan-an nígbà náà. Orin àti ijó orí pèpéle ti sọ ọ́ di ẹni tí ọmọ ilé ìwé mọ̀.

Ṣùgbọ́n kí alágbàǹjo tó gbé nǹkan síta, ó ní láti kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ọjà: kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọwọ́ ta ni ó ti kọjá. Olùṣèwádìí ilé iṣẹ́ náà lọ sí Founders Online, ojú òpó tí National Archives, ilé ìkówèépamọ́ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà, ti ṣí láti ọdún 2013, níbi tí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà àwọn olùdásílẹ̀ orílẹ̀-èdè náà wà lófẹ̀ẹ́. Ó bá lẹ́tà náà níbẹ̀. Ọjọ́ bára mu. Ọ̀rọ̀ bára mu. Ó sì rí i níbẹ̀ pé Massachusetts Archives ló ni ojúlówó ìwé náà, àti pé ojúlówó ọ̀hún ti di àwátì.

Mo ti ń gbìyànjú láti fojú inú wo ìṣẹ́jú yẹn. Èèyàn jókòó, kọ̀ǹpútà wà níwájú, lẹ́tà ọdún 1780 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́. Ohun tí kọ̀ǹpútà ní ó ti sọnù ló wà lórí tábìlì yẹn.

Ibo ni ìlà yẹn ti wá? Àwọn ọ̀mọ̀wé lábẹ́ Harold Syrett ní Columbia University ló fi ọ̀pọ̀ ọdún kó gbogbo ìwé Hamilton jọ, apá 27 ló sì jáde láti ọdún 1961 títí di 1987. Iṣẹ́ adíni-lọ́wọ́ ni. Lábẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á kọ ọ́ bóyá ọwọ́ ẹni náà ló fi kọ ọ́ tàbí ẹ̀dà ni, àti ilé tó wà. Kò sẹ́ni tó ń ra ìwé nítorí irú ìlà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń kà á ń fò ó ni. Ní ibi tí mo ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́, ọ̀gá kan máa ń pe irú àkọsílẹ̀ yẹn ní “ìdọ̀tí ìsàlẹ̀ pépà,” ó sì fẹ́ kí a yọ wọ́n kúrò kí ojú ìwé lè mọ́. Mo rántí rẹ̀ nígbà tí mo ka ẹjọ́ yìí.

Ilé iṣẹ́ alágbàǹjo náà lè pa ojú dé. Wọ́n lè dá ìwé padà fún àwọn ẹbí ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kí tọ̀túntòsì máa bá tiwọn lọ. Wọ́n pe FBI, ọlọ́pàá ìwádìí ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì fa lẹ́tà náà lé wọn lọ́wọ́.

Ta ló ni ín?

Ìdílé náà kò gbà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019 ni ìjọba gbé lẹ́tà lọ sí kóòtù, àwọn tó ń bójú tó ogún sì jáde láti gbèjà rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣákálá. Bàbá àgbà àwọn fi owó rà á ní ojú ọjà, lọ́wọ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ títa irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Kò fi pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù. Wọ́n tún jiyàn pé lẹ́tà náà kò tilẹ̀ sí lára ohun tí òfin Massachusetts ń pè ní ìwé ìjọba, nítorí náà kò sí ohun tó ní kó má di ohun ìní ẹnì kan.

Ká ní kóòtù gba àríyànjiyàn ìkejì yẹn wọlé ni, ọ̀rọ̀ á yí padà pátápátá. Orí rẹ̀ ni gbogbo nǹkan dá lé. Tí lẹ́tà bá jẹ́ ti Lafayette tí ó kàn ṣèèṣì bọ́ sí Boston, ìpínlẹ̀ kò lè fọwọ́ sọ̀yà. Ṣùgbọ́n Heath kò ṣèèṣì. Ó fi ránṣẹ́ sí ìjọba, nítorí iṣẹ́ ìjọba, ní ìgbà ogun. Ìjọba gbà á, ìjọba sì tọ́jú rẹ̀. Kóòtù Boston dá ìpínlẹ̀ láre. Ìdílé gbé e lọ sí kóòtù kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021, Adájọ́ Bruce Selya, ẹni tí àwọn lọ́yà Amẹ́ríkà mọ̀ sí adájọ́ tí ń lo ọ̀rọ̀ tó ń rán èèyàn lọ wo ìwé atúmọ̀, kọ ìdájọ́ àwọn mẹ́ta tó gbọ́ ọ: ìwé gbogbo ìlú ni, ti Massachusetts ni. Olè kò lè ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹni tó rà á lọ́wọ́ rẹ̀ kò rà ju ohun tí olè ní lọ, olè kò sì ní nǹkankan.

Yorùbá ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Mo gbé òwe náà wọ ìdílé yìí, kò bá wọn mu. Wọn kò mọ̀ pé orí àjà ẹnì kan ni epo náà ti wá. Àánú wọn ṣe mí, mi ò sì rí ẹ̀bi lára ẹ̀bẹ̀ wọn. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó sórí àga Selya, bákan náà ni ǹ bá ṣe é. Tí 70 ọdún nínú dúrọ́ọ̀ bá lè sọ ìwé ìlú di tẹni, ohun tí akọ̀wé olè máa ń retí nìyẹn: kó lọ́ra, kó pẹ́, kí gbogbo ẹni tó mọ̀ ti kú.

Ẹnì kan bi mí pé kí ló fa gbogbo wàhálà yìí, ṣebí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lófẹ̀ẹ́, kí ni wọ́n tún ń fi pépà ṣe? Ìbéèrè tó dára ni. Ẹ̀dà ń sọ ohun tí wọ́n kọ fún wa. Ara pépà gan-an ni a ti ń mọ ibi tí wọ́n ti ká a, bóyá ọwọ́ yára tàbí ọwọ́ farabalẹ̀, bóyá ẹlòmíì ti kọ nǹkan sí ẹ̀yìn rẹ̀ nígbà tó gbà á. Ṣùgbọ́n mo jẹ́wọ́ fún un pé nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀dà ló gba ojúlówó sílẹ̀.

Ní ọjọ́ 4, oṣù Keje, ọdún 2022, ọjọ́ òmìnira wọn, wọ́n gbé lẹ́tà náà síta ní Commonwealth Museum ní Boston, nínú ilé kan náà tí Massachusetts Archives wà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìkéde Òmìnira ọdún 1776 tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ náà. Ìwé tí alágbàǹjo ti fi $25,000 sí $35,000 lé lórí wà níbẹ̀ lábẹ́ gíláàsì, “Aide de Camp” wà nísàlẹ̀ orúkọ ọmọkùnrin tí kò dúró de ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wò ó kò san kọ́bọ̀. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ ilé náà.